Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso ilé ìwòsàn UNIMED, lórí yíyẹ kókó inú kíndìnrín wò láìgún oògùn kọ́ńtíráàsì

Sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, Òǹdó,
àti sí Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí redíógíráfà, ẹni tí ó fi yíya àwòrán inú ara ṣe iṣẹ́ òòjọ́, mo sì ń kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn bí ó ti kan àwa òṣìṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ fọwọ́ sí ìlànà kan, tí a kọ sílẹ̀, tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí yóò máa tẹ̀ lé, fún fífi MRI, ẹ̀rọ tí ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, yẹ kókó inú kíndìnrín wò láìgún oògùn kọ́ńtíráàsì, èyí tí ń mú kí àwòrán hàn kedere, sí iṣan aláìsàn, pàápàá aláìsàn tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́.

Bí a ṣe ń rí irú kókó bẹ́ẹ̀ ní àyíká wa kò ṣàjèjì sí yín. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọ́ oògùn mọ́, á lọ ṣe síkáànì lásán, èyí tí wọ́n máa ń pa jẹ́ẹ̀lì síni níkùn fún, wọ́n á sì bá kókó pàdé nínú kíndìnrín níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wá a lọ. Síkáànì yẹn lè sọ bóyá omi ló kún inú kókó náà tàbí ẹran ni. Bí ó bá jẹ́ ẹran, kò lè sọ irú ẹran tí ó jẹ́. Dókítà á wá kọ síkáànì CT tàbí MRI tí a ó gún kọ́ńtíráàsì fún, kí ó lè rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ inú kókó náà. Wọ́n á ní kí aláìsàn kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èsì á sì dé pé kíndìnrín fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí nìyẹn, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí a gún oògùn fún, kí a lè mọ ohun tí ń ṣe é, náà ni ẹni tí ara rẹ̀ kò lè lé oògùn yẹn jáde bí ó ti yẹ. Dókítà kan á ní kí a dúró ná, òmíràn á ní kí a fi ewu náà gún un, ẹbí á gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, tàbí kí wọ́n gbé e padà sílé kí ó lọ máa mu àgbo. Bí ó bá ṣe pé jẹjẹrẹ ni kókó náà, ó ń dàgbà ní gbogbo àsìkò tí a fi ń ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà gba àlàyé, nítorí pé ìbẹ̀rù tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àròsọ, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di ńlá ju bí ó ti rí lọ. Gadolinium ni wọ́n fi ń ṣe kọ́ńtíráàsì ti MRI, irin kan tí ó jẹ́ májèlé bí ó bá dá wà nínú ara. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe oògùn náà fi ń dè é mọ́ inú èròjà mìíràn kí ó lè bá ìtọ̀ jáde láìdúró síbì kankan. Ọdún 1988 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí lílò rẹ̀. Nínú ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdajì oògùn náà á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí wákàtí 2 tó pé. Nínú ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, ó lè ju wákàtí 30 lọ kí ìdajì yẹn tó kúrò, àyè á sì gba irin náà láti tú kúrò lára ohun tí a fi dè é. Ní 1997 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn aláìsàn kíndìnrín tí awọ ara wọn ń nípọn, tí ó ń le, tí oríkèé wọn ń gan, títí tí àwọn mìíràn nínú wọn kò fi lè rìn mọ́. Wọ́n kọ nípa àìsàn náà sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní 2000, ṣùgbọ́n ọdún 2006 ni àwọn dókítà ní Austria àti Denmark tó tọ́ka sí gadolinium gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó fà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣàbójútó oògùn pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tí ó le jù lọ sínú ìwé tí ń bá oògùn náà rìn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Japan tún rí àmì rẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn tí wọ́n ti gún un fún léraléra, Yúróòpù sì dá lílo púpọ̀ nínú irú ti àtijọ́ dúró ní 2017.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé àwọn irú tuntun, èyí tí wọ́n dè le dáadáa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa àìsàn awọ yìí mọ́, àwọn dókítà àwòrán àti àwọn dókítà kíndìnrín ní Amẹ́ríkà sì ti fẹnu kò pé a lè lò wọ́n fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an bí ọ̀rọ̀ bá le débẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ lé kọ́ńtíráàsì kúrò nílé ìwòsàn. Aláìsàn kan wà tí òun gan-an ni yóò yọ nínú ewu. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, èyí tí ilé ìwòsàn bá rí rà ni wọ́n máa ń gún, owó rẹ̀ sì ń ti àpò aláìsàn jáde, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gún un fún aláboyún àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ọ̀nà kan bá wà tí a lè kọ́kọ́ gbà láìgún ohunkóhun, mo gbà pé ọ̀nà yẹn ló yẹ kí ó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ lọ. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ṣàwárí pé oríṣi méjì nínú jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, pé àwọn oríṣi méjèèjì náà wọ́pọ̀ gan-an láàrin àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn Yorùbá tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí ní Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Jíìnì yìí kan náà ń gbéjà ko àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ìyẹn ni wọ́n fi gbà pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára wa. Bí a bá wá fi ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kún un, a ó rí i pé láàrin àwọn tí a ń bá kókó nínú kíndìnrín wọn níhìn-ín, àwọn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀ ṣáájú kò ní ṣàìpọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó kí ó tó kọ́ ibùdó ìtọ́jú kíndìnrín sí ìlú Òǹdó. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lè tẹ̀ lé iṣẹ́ yẹn láìsí wàhálà.

Kí wá ni MRI lè rí láìsí oògùn? Omi ni. Omi ló pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, ẹ̀rọ náà sì ń fi òòfà ńlá àti ìgbì rédíò mi háídírójìn inú omi yẹn, ó ń gba èsì rẹ̀ padà, kò sì lo ìtànṣán irú èyí tí X-ray àti CT ń lò. Ní àtijọ́, bí kíndìnrín ṣe rí ni à ń wá nínú àwòrán rẹ̀. Èyí tí mò ń sọ nísinsìnyí ni kí a máa fi ẹ̀rọ kan náà wọn ohun tí ń lọ nínú kókó: bí omi ṣe ń rìn nínú rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ tó, àti bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrìn omi. Ẹni tí ó bá gba inú Ọjà Ọba kọjá ní Àkúrẹ́ ní ìdájí, kí àwọn ọlọ́jà tó pàtẹ, á rìn fàlàlà. Bí ó bá di ọ̀sán, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbẹ́sẹ̀, yóò máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi ṣe ń rìn nínú ẹran ara. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti fún mọ́ra, bí ó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, omi kì í ráyè rìn, ẹ̀rọ náà sì lè fi nọ́ńbà sọ bí àyè náà ṣe há tó. ADC ni àwa òṣìṣẹ́ ń pe nọ́ńbà yẹn. Ètò tí ń wọ̀n ọ́n sábà máa ń wà nínú ẹ̀rọ MRI tí agbára òòfà rẹ̀ bá tó 1.5 tesla láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé òun ni à ń lò fún ọpọlọ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù. Kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti darí rẹ̀ sí kíndìnrín. Denis Le Bihan, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún fi hàn ní 1986 pé apá kan nínú ìrìn tí à ń wọ̀n yẹn jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú àwọn iṣan tín-ín-tín, àti pé bí a bá ya àwòrán náà ní ìpele agbára tí ó yàtọ̀ síra, a lè ya ti ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti omi tí ó wà láàrin sẹ́ẹ̀lì. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo á wá sọ ohun méjì fún wa.

Èyí tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo wọn ni ASL, tí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ di kọ́ńtíráàsì. Ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkàn nínú iṣan ńlá, kí ó tó dé kíndìnrín, ẹ̀rọ náà á fi ìgbì rédíò yí háídírójìn inú omi ẹ̀jẹ̀ yẹn padà, ìyẹn ni pé ó ti sàmì sí i. Á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì kí ẹ̀jẹ̀ tí a sàmì sí náà wọ inú kíndìnrín àti kókó, lẹ́yìn náà ni yóò ya àwòrán. Á tún ya òmíràn láìsàmì sí ẹ̀jẹ̀ rárá. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ohun tí yóò ṣẹ́kù ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ó sì lè ka iye tí ń dé ibi kọ̀ọ̀kan nínú kókó náà. Àmì yẹn máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ara, a sì lè tún un ṣe nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́. Kíndìnrín bá iṣẹ́ yìí mu ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara lọ, nítorí pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ni ó ń gba inú kíndìnrín méjèèjì kọjá, èyí tí ó tó nǹkan bí lítà kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Àǹfààní rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kókó hàn gbangba. Jẹjẹrẹ kíndìnrín kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní clear cell, tí ó tó ìdá 70 sí 75 nínú 100, máa ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sínú. Àwọn irú tí wọ́n ń pè ní papillary àti chromophobe kì í fa ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í sábà tètè ràn ká bí clear cell. ASL ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n fi wé èsì ẹran tí wọ́n gé jáde. Mo tẹnu mọ́ papillary nítorí pé láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ó pọ̀ ju bí ó ṣe pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì yẹ kí àwa náà máa fura sí i. Fún ẹni tí ó ń lo oògùn tí ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ jẹjẹrẹ, ASL tún lè fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ kókó náà ti ń dín kù kí kókó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, láìgún aláìsàn náà lábẹ́rẹ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá padà wá.

Ọ́síjìn ni mo fẹ́ mẹ́nu bà ní ṣókí. Seiji Ogawa, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló fi hàn ní 1990 pé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀ máa ń da òòfà rú díẹ̀, MRI sì lè rí ìdàrúdàpọ̀ náà. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fi í yẹ kíndìnrín wò. Ó wúlò fún mímọ bí ara kíndìnrín tí kókó kò sí ṣe lera tó, èyí tí oníṣẹ́ abẹ ní láti mọ̀ kí ó tó pinnu bóyá kókó nìkan ni òun yóò gé tàbí gbogbo kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín kejì rẹ̀ kò dára, tí a bá gé èyí tí ó kù dànù, orí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn ń ná ẹbí ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rá náà kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn nínú ìlànà tí a bá kọ, nítorí pé òun ló rọrùn jù láti wò. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní angiomyolipoma, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí ọ̀rá sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. MRI lè dá ọ̀rá yìí mọ̀ láìsí oògùn kankan, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní i kò sì nílò iṣẹ́ abẹ àfi bí kókó náà bá tóbi débi tí ó lè ṣẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí a rántí pé nínú àwọn kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 4 tí wọ́n ń gé jáde, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ni kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn kan ti pàdánù kíndìnrín, tàbí apá kan nínú rẹ̀, nítorí ohun tí kò ní pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo rò pé ó yẹ kí ìpínlẹ̀ yìí ṣíwájú nínú rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Wọn kò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ara wọn sì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kíndìnrín kan wà, renal medullary carcinoma, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn AS nìkan ni ó ń mú, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, kíndìnrín ọ̀tún ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oríṣi tí ó dá dúró. Ó ṣọ̀wọ́n, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ AS máa fi í pa oorun ara rẹ̀. Àmọ́, ó burú, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá fi máa rí i, ó ti ràn kọjá kíndìnrín lọ́pọ̀ ìgbà. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni àmì rẹ̀, ní ilẹ̀ wa sì rèé, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ní ohun púpọ̀ tí ń fà á: àtọ̀sí ajá wà lára àwọn ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ lódò ní àwọn abúlé wa, bẹ́ẹ̀ ni AS fúnra rẹ̀ lè mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí jẹjẹrẹ kankan. A ó fún ọ̀dọ́kùnrin náà ní oògùn àtọ̀sí ajá, ẹ̀jẹ̀ á dá díẹ̀, á padà dé, a ó tún fún un ní oògùn. Àyẹ̀wò MRI kúkúrú láìsí kọ́ńtíráàsì, fún ọ̀dọ́ AS tí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ kò lọ tí ẹ̀yìn sì ń dùn ún lápá kan, lè gba ẹ̀mí là. Mo bẹ̀ yín, kí èyí wà nínú ìlànà náà ní orí tirẹ̀.

Àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Kókó Wilms, jẹjẹrẹ kíndìnrín ti àwọn ọmọdé, máa ń mú àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 3 sí 4, wọn kì í sì í lè dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ, a máa ń fún wọn ní oògùn oorun ni. Yíyọ ìgúnni kọ́ńtíráàsì kúrò á dín àkókò wọn nínú ẹ̀rọ kù, bí a bá sì lo MRI dípò CT, ìtànṣán kò ní kan ara wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn dókítà inú ìgbìmọ̀ yìí yóò béèrè ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ. Wọ́n jàre. Nọ́ńbà ADC ti oríṣi kókó kan máa ń wọnú ti òmíràn. Angiomyolipoma tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀ lè jọ jẹjẹrẹ, oncocytoma tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè jọ ọ́ pẹ̀lú, kókó tí ọyún bá ti gbá jọ sínú rẹ̀ náà sì lè dí ìrìn omi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tí ó tó láti dá ẹjọ́ nìkan. Ìgbà tí a bá kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń sọ òótọ́ tí ó ṣeé gbé ẹsẹ̀ lé. Èémí aláìsàn ń gbé kíndìnrín lọ sókè sódò, àwòrán á sì bàjẹ́ bí redíógíráfà kò bá mọ bí a ṣe ń bá èémí náà rìn. Ẹ̀rọ tí agbára òòfà rẹ̀ kò tó 0.5 tesla, irú èyí tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́, kò lè ṣe ASL dáadáa. Yíyọ ẹran díẹ̀ nínú kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò yìí yóò ṣe ni pé yóò sọ ẹni tí ó yẹ kí a yọ ẹran náà lára rẹ̀ kíákíá, àti ẹni tí a lè máa ṣọ́.

Nítorí náà, n kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ ra ẹ̀rọ tuntun. Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nílẹ̀: agbára ẹ̀rọ MRI kọ̀ọ̀kan tí ìjọba àti àwọn aládàáni ní ní ìpínlẹ̀ yìí, àwọn ètò tí a ti sanwó fún nínú wọn tí a kò lò rí, àti bí ẹ̀rọ amútutù tí ń dáàbò bo òòfà wọn ṣe ń rí iná. Ìlànà tí a ó lò kò nílò kí a jókòó máa ronú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní 2020 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ ìwé àdéhùn jáde lórí bí a ṣe ń fi ADC, ASL àti ti ọ́síjìn yẹ kíndìnrín wò. Tiwa ni kí a mú un bá ẹ̀rọ wa àti aláìsàn wa mu.

Ọ̀rọ̀ pé nọ́ńbà ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé òun ló ń ba irú iṣẹ́ báyìí jẹ́ jù, àtúnṣe rẹ̀ kò sì wọ́n. Omi tí yìnyín yí ká, tí ó wà ní 0°C, ní iye ADC kan tí a mọ̀, tí kì í yí padà, yálà ní Jámánì ni tàbí ní Àkúrẹ́. Bí redíógíráfà bá gbé ìgò omi sínú yìnyín, tí ó gbé e wọnú ẹ̀rọ, tí nọ́ńbà tí ó rí kò bá bá iye yẹn mu, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ òun ní àtúnṣe. Àwa tí a wà ní Àkúrẹ́, àwọn tí ó wà ní Òǹdó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Federal Medical Centre ní Ọ̀wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso, lè máa ṣe èyí lóṣooṣù kí a sì fi èsì ránṣẹ́ sí ara wa. Àwọn onímọ̀ físíìsì àti kọ̀ǹpútà ní FUTA, yunifásítì tí ó ti wà ní ìlú yìí láti 1981, lè bá wa kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣírò àwòrán ASL, kí a má baà máa ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ òkèèrè lọ́dọọdún.

Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣe pàtàkì kí a máa kọ èsì gbogbo aláìsàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èsì ẹran tí wọ́n gé jáde fún wọn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí a má fi nọ́ńbà tí wọ́n rí lára àwọn ará Yúróòpù nìkan ṣe ìdájọ́ kókó inú ara àwọn ènìyàn wa. Àkọsílẹ̀ yẹn ni yóò sọ fún wa, ní ọdún bíi mélòó kan, ibi tí ó yẹ kí a ti tún ìlànà náà ṣe. Mo tún ń bẹ Àjọ Adójútòfò Ìlera ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò náà kún ohun tí wọn yóò máa san fún, nítorí pé aláìsàn kíndìnrín tí owó rẹ̀ ti tán lórí oògùn àti fífọ ẹ̀jẹ̀ kì í ní èyí tí yóò fi san owó MRI. Kí a sì ṣe àlàyé fún aláìsàn ní èdè rẹ̀ kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ: pé ariwo rẹ̀ pọ̀, pé kò sí abẹ́rẹ́, pé a ó ní kí ó máa di èémí mú, àti pé kí ó sọ bí irin bá wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí a fi ní kí ó di èémí mú máa ń di í mú dáadáa, àwòrán rẹ̀ á sì jáde ní kedere.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, mo dábàá ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, èyíkéyìí tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá tó 1.5 tesla, àti àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀ gan-an, ìyẹn àwọn tí nọ́ńbà tí ń sọ bí kíndìnrín wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, èyí tí a ń pè ní eGFR, kò tó 30, kí a fi àwọn ọ̀dọ́ AS tí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wọn kò lọ kún wọn. Bí ìgbìmọ̀ bá lè pe àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà kíndìnrín, àwọn dókítà tí ń ka àwòrán, àwọn tí ń yẹ ẹran wò àti àwa redíógíráfà jókòó ní Òǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, a lè kọ ìlànà náà láàrin oṣù mélòó kan. Èmi yóò tẹ ìwé àdéhùn ti 2020 náà jáde fún gbogbo ẹni tí ó bá wá, mo sì ṣetán láti dúró ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí ẹ̀rọ títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ ọn lára. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Redíógíráfà kan ní Àkúrẹ́